Ọdún Kan tí Mo Fi Ya Fọ́tò Àtẹ́lẹsẹ̀ Mi

Tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, tí ẹ sì ń fi ọkàn ara yín balẹ̀ pé kò kúkú sí ibi tó ń dùn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ àkáǹtì ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Downtown, ní Atlanta níbí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, torí pé nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi, mo wá ẹni tó máa bá mi sọ ọ́ ní èdè mi, mi ò rí.

Bàtà ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà ooru, mo jáde nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra gààrí àti ẹja gbígbẹ ní Stone Mountain, mo ń lọ síbi tí mo páàkì mọ́tò sí. Mo gbọ́ tí obìnrin òyìnbó kan ń pè mí lẹ́yìn. Nígbà tí mo yíjú padà, sílípáàsì mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà lórí títì ọlọ́dà tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀, láìsí bàtà, mi ò sì mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní àgbà ló ń dé. Ìgbà tí mo wọ mọ́tò ni ẹ̀rù tó bà mí, àmọ́ mo tan rédíò, mo wakọ̀ lọ sílé.

Ọkọ mi ti ṣaláìsí ní ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà. Títílayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ìlú yìí la bí i sí. Òun àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn méjì ń gbé ní Dacula tó jìnnà sí ìgboro, níbi tí wọ́n ra ilé sí. Èmi nìkan ló kù ní àpáátímẹ́ǹtì tí èmi àti bàbá rẹ̀ jọ ń gbé. Mo mọ̀ pé mo ní àtọ̀gbẹ. Mo ń lo oògùn mi, mo ti dín ìrẹsì kù, mo ti jáwọ́ nínú mínírà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kó yé mi ni pé àìsàn yìí lè pa ẹsẹ̀ mọ́ èèyàn lára láìsọ fún un. Kì í ro, kì í ta. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí mi ò wọ nǹkan kan.

Ọ́ṣà ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo wà lára àwọn tó ń fi àyè ìjókòó han èèyàn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo wà lórí ìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí tí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Bí a ṣe ń jáde, ọ̀rẹ́ mi tí òun náà jẹ́ ọ́ṣà, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Aunty Bísí, fà mí lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ wà lára ìbọ̀sẹ̀ mi. A wọ ilé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin, mo bọ́ bàtà. Ìdí yẹtí, irin kékeré tí wọ́n fi ń há yẹtí mọ́ ẹ̀yìn etí, ló ti já sínú bàtà náà. Ó ti wọnú ẹran ẹsẹ̀ mi lọ ní abẹ́ ìka tó kéré jù. Mo ti fi gbogbo ìsìn dúró lé e lórí.

Aunty Bísí tẹ̀ lé mi délé. Obìnrin rere ni, kò fẹ́ kí n dá wà. Ó ní kí a ṣe é bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe é, ká fi omi gbígbóná àti iyọ̀ rẹ ẹsẹ̀ náà kó lè fa ìdọ̀tí jáde. Ó da omi láti inú kẹ́tù sínú báàfù, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ó bi mí pé, "Mummy Títí, ṣé kò gbóná jù fún yín?"

Mo ní, "Kò gbóná rárá. Ẹ tún bù sí i."

Ó tún bù sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, awọ ẹsẹ̀ mi ń bó bíi ti tòmátì tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná. Ẹ̀yin tí ẹ ní àìsàn yìí, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ sínú omi tí ẹlòmíì tí ara rẹ̀ dá ò bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ tọ́ wò. Tí kò bá sí ẹlòmíì nílé, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín tọ́ ọ wò.

Nítorí pé kò dùn mí, mo fi báńdéèjì wé e, mo lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ àyè ìjókòó ṣì wà. Èmi náà wá gbóòórùn ara mi. Mi ò dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo pe mọ́tò, mo ní kó gbé mi lọ sí ọsibítù.

Ẹ ti mọ bí ìlà ibẹ̀ ṣe ń rí. Wọ́n kọ orúkọ mi, wọ́n so nǹkan mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí kúrò lójú fèrèsé. Ohun tí mo rántí jù ni pé gbogbo èèyàn ló ní ẹnì kan tó tẹ̀ lé wọn wá. Bàbá arúgbó kan ń sùn lórí èjìká ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé méjì ń jẹ ìpápánu pọ̀ nínú ọ̀rá kan. Báàgì mi ni mo gbé sórí àga ẹ̀gbẹ́ mi, àmọ́ nígbà tí èrò pọ̀, mo gbé e kúrò.

Dókítà tó rí mi ò ju ẹgbẹ́ Títí lọ. Ó fi bírò fa ìlà sí ẹsẹ̀ mi, ó ní ìka méjì tó wà ní ìparí gbọ́dọ̀ lọ kí ìyókù lè kù. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Bọ̀dá Káyọ̀dé, torí òun ni olórí ẹbí wa. Ohùn rẹ̀ le. Ó ní, "Ẹsẹ̀ kì í ṣàdédé kú. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé e o, torí wọn ò ní dúró síbẹ̀." Ó ní òun mọ ẹnì kan tó ní ẹ̀tù tí wọ́n ń bu sójú egbò, pé ẹlòmíì ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tó máa mú un wá fún mi, kí n kàn ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo fẹ́ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé wọn ò ní dúró síbẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gé ìka wọn, tó di ọrùn ẹsẹ̀, tó di orúnkún.

Títí dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ọ́fíìsì lọ́rùn. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ojú mi. Ó ní, "Mummy, ẹ sign. Mo bẹ̀ yín." Mo buwọ́ lù ú.

Ẹ̀tù náà dé lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e tán. Mi ò bu ú sójú egbò, mi ò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò lò ó. Ó ń pè mí lójoojúmọ́, kò sì bi mí ní nǹkan míì ju ẹ̀tù yẹn lọ. Nígbà tó yá, mi ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Aunty Bísí wá kí mi lẹ́ẹ̀kan ní ọsibítù. Ó dúró sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó wo báńdéèjì, ó gbàdúrà kúkurú, ó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá pè é, kì í gbé e. Mo mọ ohun tó ń rò. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó má rò ó.

Ọ̀dọ̀ Títí ní Dacula ni mo gbà lọ nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀. Ilé náà tóbi, ó mọ́, ó sì tutù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti máa ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn gáréèjì, ọkọ rẹ̀ ti lọ, òun náà ti gbé àwọn ọmọ lọ. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, mi ò ní gbọ́ ohùn èèyàn. Mo máa ń jókòó sídìí fèrèsé. Àwọn ilé tó wà níwájú jọra wọn, kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lójú títì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi ń tẹ mọ́tò, òun náà sì ni wọ́n gé ìka rẹ̀, nítorí náà mi ò lè wakọ̀. Ẹni tí kò bá lè wakọ̀ ní Dacula, inú ilé ló máa wà. Tí àwọn ọmọ bá dé, èyí àgbà á kí mi ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka orúkọ oògùn, á wá sáré lọ sókè. Èyí àbúrò ń bẹ̀rù báńdéèjì mi. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á juwọ́ sí mi, kò ní wọlé. Mi ò bá a wí. Ọmọdé ni.

Ní àpáátímẹ́ǹtì mi, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ń kọjá lẹ́nu géètì, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ará òkè, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń gún nǹkan lódó lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún Títí pé mo fẹ́ padà. Ó ń gbá ilẹ̀ ilé ìdáná lọ́wọ́, ó dúró.

Ó ní, "So, Mummy, ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ dá wà ju kẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ wa lọ?"

Mi ò rí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní dùn ún. Mo ní ilé mi ni mo fẹ́. Ó gbé mi padà lọ́jọ́ kejì, ó kó oúnjẹ kún fíríìjì mi, ó gbá mi mọ́ra, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìpè rẹ̀ ti kúrú. Á ní ṣé mo wà dáadáa, mo ní mo wà dáadáa, ó tán.

Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò, nọ́ọ̀sì kan wà, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó dàgbà jù mí lọ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí egbò náà jiná tán, ó jókòó níwájú mi, ó ní iṣẹ́ ò tíì tán o. Ó ní nítorí pé ẹsẹ̀ mi ò lè ké mọ́, ojú ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, lójoojúmọ́, pàápàá ní abẹ́. Ó wá bi mí pé ta ló wà nílé tó lè máa bá mi wò ó.

Ìbéèrè yẹn wọ́pọ̀ níbẹ̀, kò rò ó láìdáa. Mo ronú nípa Títí, pẹ̀lú ọ̀nà jíjìn tó wà láàárín wa. Mo ronú nípa ọkọ mi, tó jẹ́ pé tó bá wà, á ti gbé ẹsẹ̀ náà lé itan rẹ̀, á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Mo ní, "Kò sí."

Èyí nìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ẹnu mi sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì náà ò káàánú mi, mo sì dúpẹ́ fún un. Ó ní ṣé mo ní fóònù. Mo mú un jáde. Ó gbé e sílẹ̀, ojú kámẹ́rà sókè, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ẹsẹ̀ àga, ó fi ètò kan hàn mí tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ kó tó yà á fúnra rẹ̀. Ó ní kí n jókòó, kí n na ẹsẹ̀ sí i. Ó ní kí n máa yà á lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko, láìfo ọjọ́ kan, kí n máa fi tòní wé tàná. Tí nǹkan kan bá yàtọ̀, kódà kó kéré bí orí abẹ́rẹ́, kí n máa bọ̀.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni mo máa ń ṣe é, lẹ́bàá fèrèsé yàrá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Fọ́tò àkọ́kọ́, mi ò lè wò ó tán. Mi ò tíì tẹjú mọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ mi rí láyé mi. Ó dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì: àpá fífẹ̀ níbi tí ìka méjì wà tẹ́lẹ̀, ojú ibi tí omi jó mi pọ́n, gìgísẹ̀ tó sán. Mo pa fóònù dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo ti mọ gbogbo ìlà rẹ̀. Mo mọ ibi tí awọ ti nípọn, mo mọ ibi tó máa ń pọ́n tí mo bá rìn jù.

Mo padà síbi iṣẹ́ pẹ̀lú bàtà tí wọ́n fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi ṣe. Mi ò wakọ̀ mọ́, torí mi ò lè fọkàn tán ẹsẹ̀ tí kò mọ bóyá ó ń tẹ bíréèkì. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé mi dé ibi tí mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ará ọ́fíìsì máa ń fi fọ́tò ìrìn àjò wọn hàn ara wọn nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ẹnì kan bi mí lọ́jọ́ kan pé èmi ńkọ́, ṣé mi ò ní fọ́tò ni. Mo ní mo ní. Mi ò mú un jáde.

Ọjọ́ Kérésìmesì, mo yà á kí Títí tó wá gbé mi. Ọjọ́ ìbí mi, mo yà á. Ọjọ́ tí òjò dídì bo Atlanta, tí gbogbo ìlú dúró, tí mi ò rí ẹnikẹ́ni fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, mo yà á, mo sì bá ẹsẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Mo ní, "O kú ìdúró." Ohùn mi ṣàjèjì sí mi létí. Nǹkan tó nira nínú ìtọ́jú yìí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, torí kì í gba àkókò. Ohun tó nira ni pé èèyàn á wo nǹkan dáadáa, á rí i pé ó dára, kò sì ní rí ẹni tó máa sọ fún pé ó dára.

Ọdún náà ti ń lọ sópin nígbà tí mo rí àmì kan ní abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Ó dúdú díẹ̀, bí ìgbà tí tàdáwà bá kán sí aṣọ. Mo nù ún, kò lọ. Mo ṣí fọ́tò àná, kò sí níbẹ̀. Mo ṣí ti ìjẹta, kò sí níbẹ̀. Kò dùn mí. Iṣẹ́ ìparí oṣù ń dúró dè mí ní ọ́fíìsì, tí mi ò bá sì ti ní fọ́tò àná ni, ǹ bá sọ pé ìdọ̀tí ni. Mo pe mọ́tò, mo lọ.

Àfọ́kù ìgò tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ó ti ń kó ọyún sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì dá mi dúró kí wọ́n lè fi oògùn sí mi lára. Dókítà ní ká ní mo dúró di ọ̀sẹ̀ kejì ni, ì bá ti wọ egungun.

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo pe Títí. Ó dé nígbà tí dókítà ń bi mí pé ọjọ́ wo gan-an ni àmì náà yọ. Wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ oògùn mọ́ mi lọ́wọ́, mo na fóònù sí Títí pé kó ṣí fọ́tò kó fi hàn án. Dókítà wò ó, ó dúpẹ́, ó jáde. Títí ò dá fóònù padà. Ó ń fi ìka ṣí i lọ, ó ń ṣí i lọ, oṣù lórí oṣù, títí ó fi dé orí èyí àkọ́kọ́.

Ó ní, "Mummy, ojú yín dà?"

Mo ní kí ló ń wí.

"Gbogbo fóònù yìí, ojú yín ò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan. Ta ló ń bá yín yà á?"

"Kò sẹ́ni tó ń bá mi yà á. Ilẹ̀ ni mo ń gbé e sí."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ránṣẹ́ sí òun. Mo ní mi ò fẹ́ kó rí i nígbà tó bá ń jẹun. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rò pé mo kúrò ní Dacula torí pé mi ò fẹ́ kí òun tọ́jú mi ni. Mo sọ fún un nígbà náà nípa fèrèsé ilé rẹ̀, nípa títì tí èèyàn kì í kọjá níbẹ̀, nípa bí ilé náà ṣe ń dákẹ́. Mo sọ ọ́ tán. Ó dùn ún, mo rí i, àmọ́ ó gbọ́ mi.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Ìka mẹ́ta ló kù ní ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, àtàǹpàkò mi wà níbẹ̀ lódindi. Ṣúgà mi ti wálẹ̀. Bíìlì ọsibítù ṣì ń wá, mo ń san án díẹ̀díẹ̀. Aunty Bísí àti èmi pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Mummy Títí, mi ò mọ̀ pé ó gbóná tó bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Èmi náà ò mọ̀." A ń kí ara wa, àmọ́ kì í wá sílé mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Bọ̀dá Káyọ̀dé lọ yẹ ara rẹ̀ wò nígbà tó gbọ́ pé ọsibítù tún dá mi dúró, wọ́n sì bá àtọ̀gbẹ lára òun náà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a wo abẹ́ ẹsẹ̀. Inú mi dùn fún un. Mo tún jowú rẹ̀ díẹ̀.

Ọdún náà ti pé, mi ò dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá gbé bíi tèmi, ẹ má ṣe dúró de ẹni tó máa bá yín wò ó kẹ́ ẹ tó wò ó. Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀. Tí ẹ bá sì ní ẹnì kan, kódà tó bá jìnnà, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, ẹ má bi ara yín bóyá ó ń jẹun. Mo ń fi tèmi ránṣẹ́ sí Títí láràárọ̀. Nígbà míì ó máa ń dáhùn, nígbà míì ó di alẹ́, nígbà míì kò ráyè. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ilé mi ò dákẹ́ mọ́. Ó ń dákẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.

Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé, Títí máa ń wakọ̀ wá láti Dacula. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra ìpara sí i, láti gìgísẹ̀ lọ dé ojú àpá. Ó gbójú sókè, ó ní ṣé mo ń mọ ọwọ́ òun lára.

Mo ní rárá, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó má gbé e kúrò, pé mo ń wò ó.